Òrùlé Tí Kò Jò

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹta

Ilhom. Ilhom. Ilhom.

N kò gbọdọ̀ pe ọkọ mi lórúkọ nínú ilé yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí. Níwájú àwọn èèyàn, "ẹ gbọ́ ná" ni orúkọ rẹ̀. Ìyálé mi Zebo, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti ń gbé ilé yìí tipẹ́, "bàbá àwọn ọmọ" ló ṣì ń pe ọkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bébà ò létí. Ilhom. Mo ti di ìyàwó! Ní àdúgbò wa, wọ́n ti sọ ọ́ káàkiri pé ẹ̀gbẹ́ ààrò màmá mi ni èmi Hulkar máa gbó sí. Lánàá mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi tìbòjú, wọ́n ń fi orin pe àwọn ẹbí ọkọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tẹrí ba fún ẹni kọ̀ọ̀kan, títí ọrùn mi fi gan. Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní mo nítìjú, wọ́n ní wọ́n kọ́ mi nílé. Láti kékeré ni wọ́n ti ń nà mí nítorí pé mi ò kì í wo ojú èèyàn, àfi àná nìkan ló di ẹ̀kọ́.

Àwọn tìmùtìmù ìsùn tí màmá mi rán fún mi kún ihò ògiri tí a ń to ibùsùn sí dé àjà, pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ọsàn. Àwọn obìnrin wá ń fọwọ́ tẹ̀ wọ́n. "Òwú tuntun ni gbogbo rẹ̀! Ẹ wo bó ṣe rọ̀!" Ìyá ọkọ mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

Mo láyọ̀. Mo mọ̀ pé mo láyọ̀ nítorí pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Oṣù Kẹta, ọjọ́ karùn-ún

Ó gbẹ. Mi ò sùn ni.

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹjọ

Ọjọ́ àwọn obìnrin. Ilhom ra òdòdó fún gbogbo obìnrin ilé. Ti Màmá, ìyá ọkọ mi, ló pọ̀ jù, tèmi ló pupa jù. Zebo ní, "Ìyàwó, rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó má lọ rò pé oògùn eku lòun rà fún wa." Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Yéè! Pa ẹnu dé, ẹ̀rù ń bà mí." Mo fẹ́ràn Zebo. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń wà lẹ́nu rẹ̀, èèyàn ò ní máa wá a kiri.

Ó ti ṣẹlẹ̀.

Kí ìlú tó jí ni Ilhom máa ń jáde lọ sídìí ààrò búrẹ́dì lọ́jà. Bó bá ti jáde báyìí, oorun tí mo ti ń lé láti alẹ́ á gbé mi lọ. Ìgbà yẹn ni ìtọ̀ ń dé. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n àwọn. Nígbà tí mo kéré mo bi màmá mi pé báwo ló ṣe ń gbọ̀nni. Ó ní bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ni. Ara mi ò ní ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ebi, bẹ́ẹ̀ náà ni òtútù. Ìgbà tí ètè mi bá bu ni mo máa ń mọ̀ pé òùngbẹ ti ń gbẹ mí látàárọ̀. Dókítà kan nílùú Fẹ́gánà sọ fún màmá mi pé orí mi ò dàrú, pé bí wọ́n ṣe dá ọpọlọ mi ló yàtọ̀, pé irú wa pọ̀, àwọn ará ilé ni kì í sọ. Màmá mi náà ò sọ. Kò sọ fún alárinà, kò sọ fún ìyá ọkọ. Ó ní, "Tó o bá ti délé ọkọ, ó máa lọ."

Kò lọ. Ó bá mi wá.

Mo ká tìmùtìmù tó tutù náà, mo kì í bọ ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ihò ògiri, mo kó àwọn yòókù lé e, mo fa aṣọ ìkélé. Mi ò lè sá a. Ìyàwó tuntun tó ń sá tìmùtìmù lójoojúmọ́, kí lèèyàn fẹ́ sọ pé ó ń ṣe?

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kejìlá

Òjò. Iṣẹ́ ìyàwó ni láti wọ́n omi sí àgbàlá kó sì gbá a kí àwọn àgbà tó jí. Kò sí iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn tó o. Ìgbálẹ̀ máa ń fi ìlà sílẹ̀, àwọn ìlà náà á tò lẹ́sẹẹsẹ. Kò sì sẹ́ni tó máa bi ìyàwó tó ń wọ́n omi pé kí ló rin káàbà rẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ọ̀sán, garawa ni mo máa ń sáré gbé. Lónìí ó ṣẹlẹ̀, mo sáré gbé e, mo ń wọ́n omi. Màmá yọrí lójú fèrèsé.

"Ìyàwó!"

"Ẹ̀n, Màmá."

"Òjò ń rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O wá ń wọ́n omi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó wo garawa ọwọ́ mi. "Ṣé ìrẹsì lo fẹ́ gbìn sí àgbàlá mi ni?" Ó ti fèrèsé.

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Láti ọ̀sán mi ò kì í mu tíì mọ́. Èmi ni mò ń bu tíì fún gbogbo ilé, ìdajì ife fún kálukú, kí n lè máa bu òmíràn sí i. Ẹni tí wọ́n bá bu ife kún fún, wọ́n ti ní kó máa lọ ilé rẹ̀ nìyẹn. Mo ń bu tèmi náà, mo sì ń dà á sídìí àjàrà. Àjàrà náà ti ń yọ ewé ju àwọn yòókù lọ.

Ilhom ní, "Ètè rẹ ti bu. Ṣé wọn ò fún ọ lómi nílé wa ni?" Ó fi ọ̀rá ìrù àgùntàn pa á fún mi. Mo jókòó, mi ò mira. Ìka rẹ̀ ń rùn bí ìyẹ̀fun àti èéfín. Ilhom, Ilhom, Ilhom.

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kọkànlélógún

Nọ́rúsì, ọdún tuntun wa. Gbogbo àdúgbò ro súmálákì, ògì àlìkámà, mọ́júmọ́, ìkòkò tó tó bàbá ìkòkò, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gba orógùn lọ́wọ́ ara wọn. Kò sẹ́ni tó sùn. Ó gbẹ. Òru tó dùn jù látìgbà tí mo ti dé.

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ilhom gbàgbé ìbọ̀wọ́ gígùn tó fi ń ti apá bọ inú ààrò. Ó padà wá gbé e. Mo jókòó sílẹ̀, káàbà mi tutù dé orúnkún, mo ti tú tìmùtìmù aláwọ̀ ọsàn sílẹ̀, mò ń fi aṣọ fa omi inú rẹ̀.

Ó dúró. Ó wò mí. Ó wo ilẹ̀. Ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lórí ìkọ́. Ó lọ.

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Kò sọ nǹkan kan.

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo fọ abọ́. Ó sọ pé ìyẹ̀fun ti wọ́n, pé àwọn máa ní láti fi kún owó búrẹ́dì. Màmá ló sọ ọ́ fún.

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mò ń wo ojú rẹ̀ nígbà tí kò bá wò mí. Mo mọ ojú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, mo mọ ojú ẹni tó ń sunkún. Àwọn ojú tó wà láàrin méjèèjì, mi ò lè kà wọ́n.

Ní àdúgbò wa, wọ́n dá ọmọ Ìyá Karima padà kó tó pé ogójì ọjọ́ nílé ọkọ. Wọ́n kó àwọn tìmùtìmù rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, pupa ló wà lókè, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e bí ẹni ń tẹ̀lé ìyàwó. Wọ́n ní ó ń rìn lójú oorun. Ìrìn lásán. Ìrìn ò ní òórùn.

Mo gbé ọwọ́ lé àyà mi láti mọ ohun tó ń ṣe mí. Mi ò rí nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé ìbànújẹ́ wà níbẹ̀, kò kàn kanlẹ̀kùn ni.

Mo bó kárọ́ọ̀tì fún ìrẹsì pílófù. Zebo ní mo gé e dọ́gba jù, bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Oṣù Kẹta, ọjọ́ ọgbọ̀n

Mo bi í. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ta ọ̀rọ̀ yí ká, nítorí náà mo bi í ní gbangba.

"Ṣé ẹ máa dá mi padà?"

"Síbo?"

"Sọ́dọ̀ màmá mi."

"Kí ló fà á?"

"Ẹ rí mi lọ́jọ́ yẹn."

"Mo rí ẹ."

"Ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Hulkar, ààrò ti gbóná! Búrẹ́dì ti wú lórí pákó. Ṣé kí n wá jókòó máa sọ̀rọ̀ ni?"

"Ọjọ́ yẹn ti kọjá."

Ó họ orí. Ìyẹ̀fun bọ́ sílẹ̀. "Mò ń wá ohun tí mo máa sọ ni. Mi ò tíì rí i." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ó máa ń dùn ẹ́?"

"Rárá."

"Ṣé àìsàn ni?"

"Bí wọ́n ṣe dá mi ni."

"Ẹ̀ẹ́n." Ó gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ọ̀gá wa níbi búrẹ́dì, ìka ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní." Mo ń dúró kó parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti parí.

Ó wá rọ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ o, kí Màmá má mọ̀. Màmá máa ń ṣe nǹkan tán kó tó ro ó."

Ayọ̀ mi pọ̀ débi pé mo lọ to gbogbo abọ́ ilé ìdáná, láti orí èyí tó tóbi dé èyí tó kéré. Lẹ́yìn náà ni mo rántí Màmá.

Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kìíní

Ilhom gbé bíríkì gbígbóná wá láti ìdí ààrò, ó fi aṣọ wé e. A fi tẹ òwú náà. Ó gbẹ lókè, inú rẹ̀ tutù. Yàrá wa ń rùn bí irun àgùntàn tó jó. Zebo kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ọkọ rẹ lò ń sun jẹ ni?"

Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó Nigora, àbúrò Ilhom. Àlejò máa kún ilé. Màmá ní a máa tú àwọn tìmùtìmù ilé, a máa na òwú inú wọn kó lè wú, a máa tún wọn rán. Ó ti ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin àdúgbò. Òwú gbówó lórí lọ́jà, kò sẹ́ni tó máa ra tuntun.

Tèmi ò sí lára rẹ̀. Tuntun ni tèmi.

Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kọkànlá

Oòrùn mú. Igi ápíríkọ́tì ti gbọn òdòdó rẹ̀ dànù. Àwọn obìnrin jókòó sórí pẹpẹ onígi abẹ́ àjàrà, wọ́n ti mú ọ̀pá wọn wá. Màmá ní, "Ìyàwó, lọ kó gbogbo tìmùtìmù ilé jáde."

Ó ní gbogbo. Mo kó gbogbo.

Mi ò ronú. Mo fẹ́ràn kí n máa gbé nǹkan wúwo mọ́ àyà, ó máa ń jẹ́ kí ara mi rọlẹ̀. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, mò ń to wọ́n ní àwọ̀ àwọ̀. Ìgbà tí mo rí abẹ lọ́wọ́ Ìyá Patila, aládùúgbò ẹ̀yìn ògiri, tí ó ti la etí tìmùtìmù pupa, ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe.

Zebo ló kọ́kọ́ kígbe. "Háà! Ta ló kó ti ìyàwó tuntun mọ́ ọn? Gbogbo èyí tó ti gbó ni Màmá wí, ìyàwó!"

"Wọ́n ní gbogbo," mo ní.

Ìyá Patila ti ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ó fà á jáde. Òwú náà le gbagidi, ó pọ́n bí èèpo búrẹ́dì. Ó gbé e sí imú. "Èyí kì í ṣe òwú tuntun o. Òórùn ibùsùn ọmọ ọwọ́ ló ń rùn." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọmọ ọwọ́ wo ló wà nílé yìí?"

Àwọn ọ̀pá dúró. Mo gbọ́ oyin nínú àjàrà. Mo rí ọkọ̀ akẹ́rù ọmọ Ìyá Karima lọ́kàn mi, mo rí tèmi lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó pupa lókè. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú àyà mi. Mò ń wo ọwọ́ Màmá.

Màmá gba òwú náà. Ó tẹ̀ ẹ́ láàrin ìka. Ó wò mí. Ó wá gbé ojú sókè, sí òrùlé alámọ̀ tó wà lórí yàrá wa.

"Òrùlé ni," ó ní. "Látìgbà òtútù ni mo ti ń wí fún àwọn ọmọkùnrin yìí. Òrùlé yàrá yẹn ń jò sínú ihò ògiri."

"Òrùlé yẹn ò jò," mo ní.

Ó ti jáde lẹ́nu mi. Ohun tí kì í bá ṣe òótọ́ máa ń yún mi bí aṣọ onírun, mi ò lè jókòó pẹ̀lú rẹ̀.

Màmá yí sí mi pátápátá. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ìyàwó tuntun wo ló ń wo àjà? Tó o bá ráyè ka igi àjà lóru, á jẹ́ pé ọmọ mi ò ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn!"

Ẹ̀rín bú. Ìyá Patila rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi ṣí, ó pe Màmá lórúkọ. "Òótọ́ lo sọ, Saodat! Èmi ò mọ àwọ̀ àjà mi títí mo fi bí ọmọ kẹta!" Òmíràn ní, "Ìwọ ò mọ̀ ọ́n títí dòní, ọkọ rẹ ṣì ń dí ọ lójú!" Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í lu òwú.

Zebo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó fa òwú mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó nà á, ó nà á, ó dà á pọ̀ mọ́ ti ilé títí kò sẹ́ni tó lè mọ èwo ni èwo mọ́.

Ọjọ́ kan náà, nígbà tí àwọn obìnrin lọ tán

Màmá àti èmi ń ṣa òwú tó fò ká àgbàlá. Kò wò mí, ìyẹn dára.

"Ta ló mọ̀ nílé yín?"

"Màmá mi."

"Ó yẹ kó sọ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ká ní ó sọ fún mi ni, ǹ bá má gbà ọ́." Ó ṣa òwú sí i. "Nítorí náà, ó dáa bí kò ṣe sọ."

Mo bi í pé ṣé wọ́n máa dá mi padà.

"Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òrùlé ló ń jò," ó ní. "Ẹnì kan kì í dá ìyàwó padà nítorí òrùlé. Ṣé o fẹ́ kí n di òpùrọ́ ni?"

Ó wọlé. Ó jáde pẹ̀lú rọ́bà ìtẹ́lé kan, èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ ibùsùn onígi àwọn ọmọ ọwọ́, a ti ká a pẹ́, ìlà ti wà lára rẹ̀. "Ilhom ló lò ó gbẹ̀yìn. Òun náà kì í ṣe ọmọ kékeré mọ́ nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ sábẹ́ aṣọ, kí òwú mi lè simi. Àárọ̀ ni kó o máa sá nǹkan tó bá tutù, sójú oòrùn. Òwú tó bá jẹrà ló ń sọ̀rọ̀, èyí tó gbẹ kì í sọ nǹkan kan. Ìwọ náà, mu omi. Wo ètè rẹ. Àjàrà mi ń tutù yọ̀yọ̀, ìwọ ń gbẹ."

Ó ti rí ti àjàrà náà.

Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kẹtàlá

Ilhom tètè dé. Màmá ní kó gun òkè lọ tún òrùlé ṣe. Ó po amọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, mo di àkàsọ̀ mú. Ó rìn yí gbogbo òrùlé ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá.

"Màmá, mi ò rí ihò kankan o. Níbo ni kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́?"

"Ibi tí Ìyá Patila á ti rí ẹ ni."

Ó dúró. Ó wo Màmá. Ó wò mí. Ó wá yé e, mo rí i tó yé e, ojú yẹn ni mo lè kà. Ó lẹ amọ̀ mọ́ ibi tí kò sí nǹkan tó ṣe é, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa bí ìgbà tó ń tẹ́ búrẹ́dì mọ́ ògiri ààrò, ó sì ń súfèé. Koríko ń já bọ́ sí mi lójú. Mi ò tú àkàsọ̀ sílẹ̀.

Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó tutù. Mo sá a.

Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó gbẹ. Mi ò mọ ìdí.

Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kọkànlélógún

Òjò ńlá lánàá, ó sì ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ oòrùn yọ, mo fi tìmùtìmù aláwọ̀ ọsàn kọ́ sórí okùn láàrin àgbàlá, níwájú gbogbo ayé. Òwú rẹ̀ fúyẹ́ báyìí, rọ́bà ti gba èyí tó pọ̀ jù. Orí Ìyá Patila yọ lókè ògiri.

"Ẹ̀yin ilé yìí! Òrùlé yẹn tún jò ni? Ṣebí mo rí ọmọ yín tó ń tún un ṣe!"

"Búrẹ́dì ló mọ̀ ọ́n ṣe," Màmá ní láti orí pẹpẹ. "Ta ló ní ó mọ òrùlé?"

"Kí ó wá po amọ̀ mìíràn."

"Ó máa pò ó. Lọ́dọọdún ló máa pò ó. Ilé àgbà ni, bí èmi àtìwọ náà ṣe ń jò."

Ìyá Patila rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lọ. Èmi ló ń wò. "Ìyàwó, ìwọ tó ní kò jò lọ́jọ́ yẹn. Lóòótọ́, ó jò àbí kò jò?"

Ìyún náà bẹ̀rẹ̀ lọ́fun mi. Mo rí Zebo tó di orí mú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo wo tìmùtìmù náà. Mo wá ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀, mo sì rí i.

"Ó tutù," mo ní.

"Ẹ ò rí i!" Ìyá Patila ní, orí rẹ̀ sì wọlẹ̀.

Zebo tú orí rẹ̀ sílẹ̀. Màmá na ọwọ́ mú ìkòkò tíì, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ mi, ó bu sínú ife kan, ó nà án sí mi.

Mo wo inú rẹ̀. Ìdajì ni.

Mo mu ún tán. Ó gba ife náà, ó tún bu ìdajì.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.